Yíyọ Ni Àbí Yíyọ́? Ohun Tó Yẹ Kí Dókítà Eyín Sọ Fún Yín Kó Tó Mú Ẹ̀mú

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ sí Isundunrin, lágbègbè Èjìgbò, fún ìsìnkú ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ìrẹsì tán, tí àwọn onílù ti ń palẹ̀ mọ́, àbúrò mi kan, ọmọ àǹtí mi, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìwé òfin, ẹ bá mi wo eyín mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló pa òfin àti eyín pọ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbé ètè rẹ̀ sókè, ó tan iná fóònù sí i. Ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá méjì tó wà níwájú lókè ti ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ìgbà tí omi sóbò bá ta sí aṣọ funfun, tí wọ́n fọ̀ ọ́ tí kò lọ tán.

Kò dùn ún rárá. Ó ń jẹ ẹran, ó ń mu omi tútù, kò sí nǹkan kan. Ọdún 6 sẹ́yìn ni ọ̀kadà gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu rẹ̀ gbá ilẹ̀, ètè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ dà, eyín mì díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbogbo rẹ̀ ti san, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ọdún yìí ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rí àwọ̀ yẹn nínú fọ́tò kan tí wọ́n jọ yà, tó ní, "Kí ló wà leyín ẹ?"

Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín, ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ya eyín náà ní ẹ́síréè, wọ́n gbé fíìmù sókè síná, ẹni tó wò ó sì sọ gbólóhùn méjì péré: "Ó ti ń jẹ ẹ́ láti inú. Yíyọ ni." Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ síwájú rẹ̀ pé kó buwọ́ lù ú. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì gba ẹ̀yìn jáde.

Oṣù méjì sí ìgbà yẹn ló fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abidjan lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èjìgbò dáadáa mọ̀ pé ó ṣòro láti rí agboolé tí kò ní èèyàn ní Ivory Coast. Kò fẹ́ kó àlàfo iwájú ẹnu lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀, níbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ òwò láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè rẹ̀ sí mi kò ju ẹyọ kan lọ: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé dandan ni kí n jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́?"

Ìdáhùn òfin sí ìbéèrè yẹn ò gùn: rárá, kì í ṣe dandan. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn nìkan ò wúlò fún un. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé yíyọ ni, tí kò sì mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà, kí ló fẹ́ fi ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá ṣe? Ohun tí mo fẹ́ jà fún lónìí nìyẹn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ irú eyín bẹ́ẹ̀ láì tíì sọ fún ẹni tó ni ín, lédè tó gbọ́, bóyá eyín náà ṣeé dí, bí wọ́n ṣe ń dí i, iye tó máa ná an, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá kọ̀. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fi ojú àánú ṣe é o. Òfin ilẹ̀ wa ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó dé orí òfin, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Èmi kì í ṣe dókítà. Àmọ́ mo ní ọ̀rẹ́ méjì tó jẹ́ dókítà eyín, mo dà wọ́n láàmú lórí Wáàsáàpù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì ka gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Eyín kì í ṣe òkúta gbọlọjọ. Lábẹ́ èèpo òde tó le yẹn ni eegun eyín wà. Láàárín eegun eyín, ihò tóóró kan wà tó gba inú gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Inú ihò yìí ni mùdùnmúdùn eyín ń gbé, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń jẹ́ kí eyín mọ tútù mọ gbígbóná. Bí eyín bá fara gbá, tàbí tí ó ti jẹrà débi tí mùdùnmúdùn yìí ti wú fún ìgbà pípẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lè jí dìde nínú ihò yẹn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eegun eyín láti inú bọ̀ wá síta. Internal resorption ni àwọn dókítà ń pè é. Àwọn àgbà wa ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Òwe yẹn bá eyín yìí mu ju obì fúnra rẹ̀ lọ. Ihò tí kò ju okùn lọ tẹ́lẹ̀ á wá wú láàárín, bí ejò tó gbé ẹyin mì.

Bí ó bá jẹ́ apá òkè eyín ló ti ń jẹ ẹ́, eegun á fẹ́lẹ́ débi tí pupa ẹran inú rẹ̀ á máa hàn síta. Ọdún 1920 ni dókítà eyín kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mummery, kọ̀wé nípa eyín aláwọ̀ pupa yìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Bí ó bá jẹ́ inú gbòǹgbò ló wà, kò sí àwọ̀ kankan tí ẹ máa rí. Ẹ́síréè tí wọ́n yà nítorí nǹkan mìíràn ló sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀jẹ̀. Mùdùnmúdùn tó ṣì wà láàyè nísàlẹ̀ ihò ló ń bọ́ wọn. Bí dókítà bá ti kó mùdùnmúdùn yẹn kúrò, oúnjẹ wọn tán nìyẹn, jíjẹ náà á dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè máa jẹ lọ títí tó máa fi dá ògiri eyín lu sí ẹ̀gbẹ́, wàhálà á wá di méjì. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá rí i lẹ́nu rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ pé ṣebí kò dùn mí, kó sì lọ jókòó.

Ibi tó wá kan ọgbọ́n ọwọ́ rèé. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ root canal. Wọ́n á lu ihò kékeré sí ẹ̀yìn eyín, wọ́n á kó mùdùnmúdùn jáde, wọ́n á fọ inú ihò, wọ́n á sì fi nǹkan dí i pinpin kí ìdọ̀tí má bàa wọbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fi ń dí i ni gutta-percha, oje igi kan láti ìhà Malaysia àti Indonesia. Ẹ rántí bí a ṣe ń jẹ agbálùmọ̀ ní kékeré, tí a ó máa jẹ èèpo rẹ̀ mọ́ oje funfun yẹn títí yóò fi di ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu? Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ nípa igi, ìdílé kan náà ni igi gutta-percha àti igi agbálùmọ̀. Láyé àtijọ́, oje yìí ni wọ́n fi ń bo wáyà tẹligíráàmù tó ń gba abẹ́ òkun kọjá. Ní 1867 ni Bowman, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í dí gbòǹgbò eyín.

Ní ọ̀pọ̀ ibi títí dòní, gbọọrọ ni wọ́n ń ṣe é, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Dókítà á ki ẹyọ kan bọnú ihò, á fi irin tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún ki òmíràn, títí ààyè á fi kún. Ní tútù ni wọ́n ń ṣe é. Fún ihò tó gún régé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ejò tó gbé ẹyin mì. Bí ẹ bá ki igi tútù gba ọrùn ejò kọjá, báwo ló ṣe máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ kún ibi tí ikùn rẹ̀ ti wú? Á kàn gba àárín kọjá ni. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ṣófo, kòkòrò àìfojúrí á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ìdí nìyẹn tí eyín tó ń jẹ ara rẹ̀ fi nílò ọ̀nà mìíràn: kí wọ́n yọ́ oje yẹn kó lè ṣàn. Ní 1967, Schilder ní Boston kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe lè fi ooru rọ gutta-percha kí wọ́n sì máa fi irin tì í láti òkè lọ sísàlẹ̀, kó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ dókítà ló ń pín iṣẹ́ náà sí méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ dí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, wọ́n á wá fi irinṣẹ́ kan tó dà bí ìbọn kékeré rọ èyí tó ti yọ́ sínú ibi tó wú, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń tutù. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí kan ní Argentina gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ sínú eyín tí wọ́n ti yọ, wọ́n sì fi oríṣiríṣi ọ̀nà dí wọn láti fi wé ara wọn. Èyí tí wọ́n yọ́, tí wọ́n fi ìbọn yẹn rọ sínú, ló kún ihò jù.

Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe rí. Yíyọ àti yíyọ́: àmì ohùn kan péré ló wà láàárín ẹni tó pàdánù eyín àti ẹni tó ṣì ń fi tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó dí i rárá, fífọ̀ rẹ̀ gan-an niṣẹ́. Irin tí wọ́n fi ń ha ihò ò lè dé kọ̀rọ̀ ibi tó wú, omi oògùn nìkan ló lè débẹ̀. Èròjà tó wà nínú omi yẹn náà ló wà nínú Hypo àti Jik tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun. Ẹ má torí ẹ̀ fi yọ ẹnu nílé o, mo bẹ̀ yín. Wọ́n máa ń fi irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n rú u nínú ihò kó lè wọ gbogbo igun. Lẹ́yìn náà, wọ́n sábà máa ń fi oògùn funfun kan, calcium hydroxide, sínú eyín fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, aláìsàn á máa lọ ilé. Kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Bí ó bá ti dá ògiri eyín lu ńkọ́? Níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, Torabinejad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Loma Linda, ní California, gbé símẹ́ǹtì eyín kan jáde tí wọ́n ń pè ní MTA. Ẹ máa rẹ́rìn-ín: símẹ́ǹtì tí a fi ń kọ́lé ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kàn sọ ọ́ di mímọ́ ni, wọ́n sì fi ohun tó máa jẹ́ kó hàn nínú ẹ́síréè kún un. Ó máa ń le kódà níbi tó bá tutù, torí náà wọ́n lè fi dí ibi tó lu náà.

Fíìmù kan ṣoṣo náà kì í sábà tó. Jíjẹ mìíràn wà tó ń ti ìta wọlé, ojú fíìmù rẹ̀ sì lè jọ ti èyí tó ń ti inú wá. Dókítà á yí igun ẹ́síréè padà, á yà á lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó wà nínú kì í kúrò láàárín gbòǹgbò, èyí tó wà níta á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ya ti àbúrò mi kí wọ́n tó sọ pé yíyọ ni.

Mi ò sọ pé gbogbo eyín ló ṣeé gbà là. Eyín tí ògiri rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí pépà, tàbí tó ti ṣẹ́ ní gbòǹgbò, yíyọ lè jẹ́ ìmọ̀ràn tó dáa jù. Dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi fíìmù hàn yín, tó sì ṣàlàyé, kò ṣẹ̀ yín. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó fò látorí fíìmù bọ́ sórí ẹ̀mú, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin.

National Health Act ti 2014, òfin ìlera tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù, ní abala kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ẹ ṣe mọ PIN yín: abala 23. Ó ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ bí ara rẹ̀ ṣe wà fún un. Ó ní kó sọ oríṣiríṣi àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà fún un. Ó ní kó sọ àǹfààní, ewu, iye owó àti àtúnbọ̀tán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó tún ní kó sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, àti ohun tí kíkọ̀ náà lè fà.

Òfin náà kò sọ pé kí dókítà sọ kìkì ìtọ́jú tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣe. Ó ní èyí tó wà fún aláìsàn ní gbogbogbòò. Bí èmi ṣe kà á sí nìyí: bí ibi tí ẹ wà kò bá ní irinṣẹ́ tó ń yọ́ gutta-percha, ìyẹn ò sọ ìtọ́jú náà di ohun tí kò sí láyé. Ilé-Ifẹ̀ wà níbẹ̀. Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún èèyàn pé ó wà níbẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ mọ bóyá òun lè lọ.

Abala kan náà fi kún un pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kí wọ́n sì wo bó ṣe kàwé tó. Lágbègbè wa, ta ló fẹ́ sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe láti sọ Yorùbá? Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́. Ẹni tó ń gbowó ń sọ ọ́. Dókítà fúnra rẹ̀ á fi Yorùbá bá oníkẹ̀kẹ́ jà lórí ṣéńjì lówùúrọ̀. Ó wá di orí eyín, Gẹ̀ẹ́sì dé.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú tipẹ́. Ní 2001, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí àti Dókítà Okonkwo, ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ló délẹ̀. Ó kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, dókítà gbọ́ tirẹ̀, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ fìyà jẹ dókítà. Ilé-ẹjọ́ ní dókítà ò jẹ̀bi, torí aláìsàn tó ti dàgbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ìpinnu lórí ara rẹ̀. Bí ẹ̀tọ́ náà bá le tó bẹ́ẹ̀ lórí ikú àti ìyè, kò ní wá rọ̀ nígbà tó bá di orí eyín. Ẹni tí wọn ò bá sì ṣe dáadáa sí nílé ìwòsàn, abala 30 òfin 2014 yẹn ní ó lè fẹjọ́ sùn, kí wọ́n sì ṣèwádìí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Lọ́yà, ṣé o mọ iye tí root canal jẹ́ ni?" Mo mọ̀. Ó ju owó yíyọ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì tún wà níbẹ̀. Láti Isundunrin dé Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ìrìn ẹsẹ̀. Àwọn dókítà náà ò tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láàárín 2014 sí 2019, nǹkan bíi dókítà eyín 3 ló wà fún èèyàn 100,000 ní ẹkùn Áfíríkà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà káàkiri ayé. Àwọn tó kù náà ń japa. Ẹni tó ní èrò rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, tí iná ń lọ tí ń bọ̀, mo mọ ìdí tí gbólóhùn méjì fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ta ló ni owó? Òfin ní kí wọ́n sọ iye rẹ̀, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣírò ohun tó wà lápò rẹ̀ àti lápò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abidjan. Kò ní kí dókítà wo bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn, kó sì ti bá a ṣe ìṣirò náà parí lọ́kàn. Sílípáàsì ni àbúrò mi wọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń ronú nípa sílípáàsì yẹn ṣáá.

Yíyọ gan-an, ṣé lóòótọ́ ló dínwó? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni eyín àtọwọ́dá tó ń yọ bọ́ síbi oúnjẹ. Bí kò bá fẹ́ ìyẹn, wọ́n lè gbẹ́ eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, láti fi gbé òmíràn dúró láàárín. Bí kò bá fẹ́ ìyẹn náà, kó lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbin eyín sínú egungun àgbọ̀n, kó wá padà wá bá mi. Ẹ̀jí dára lẹ́nu ẹni tó ni ín. Àlàfo tí wọ́n fi ẹ̀mú ṣe fún ọmọ ọdún 25 kì í ṣe ẹ̀jí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lè sọ pé Èjìgbò ló ni Ògìyán, òrìṣà tó fẹ́ràn iyán, iyán ò sì béèrè eyín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dáa. Àgbàdo sísun ni àbúrò tèmi fẹ́ràn.

Ní ti pé àkókò ò sí, mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kà á sókè, mo sì ka aago: "Ẹ wo fíìmù yín. Ibi dúdú tó wú yìí, eyín yín ló ń jẹ ara rẹ̀ láti inú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà tí ẹ ṣubú ló ti bẹ̀rẹ̀. A lè yọ ọ́. A sì lè kó ẹran inú rẹ̀ jáde kí jíjẹ náà dúró, ká yọ́ nǹkan sínú rẹ̀ dí i. Ìyẹn wọ́n ju yíyọ lọ, ẹ máa wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì lè má pẹ́ títí. A ò ní irinṣẹ́ rẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n a lè kọ lẹ́tà fún yín lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan, ó lè lu síta. Èwo lẹ fẹ́?" Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí kan náà ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín. Kì í ṣe ibi tí ìmọ̀ jìnnà sí la wà. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ò tóbi: kí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń buwọ́ lù kí wọ́n tó yọ eyín wà ní Yorùbá pẹ̀lú, kí ìlà kan sì wà nínú rẹ̀ tó sọ pé, "Wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn tó wà fún mi." Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ síbòmíràn gba fíìmù rẹ̀ àti lẹ́tà dání. Òfin NHIA ti 2022 sì ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo èèyàn, Ọ̀ṣun náà ní ètò tirẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ síta ní Yorùbá tó já geere, bóyá root canal eyín iwájú wà nínú ohun tí ètò náà ń san tàbí kò sí. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù yẹ kó mọ ohun tó rà.

Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ̀yin ni kí ẹ la ẹnu. Ní kí wọ́n fi fíìmù hàn yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti lu ògiri eyín. Bí wọ́n bá ní àwọn lè dí i, ẹ bi wọ́n bóyá gutta-percha tútù ni wọ́n fẹ́ ki síbẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n máa yọ́, kí ẹ sì bi wọ́n ìdí. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì ní inú àwọn máa dùn ni, torí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í béèrè ju "ṣé ó máa dùn mí" lọ.

Àbúrò mi ti lọ síbòmíràn. Wọ́n ya ẹ́síréè lẹ́ẹ̀kejì, igun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kò tíì lu. Wọ́n ti kó mùdùnmúdùn jáde, wọ́n ti fi oògùn funfun yẹn sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Abidjan san ìdajì owó, èmi àti màmá rẹ̀ pín ìyókù. Ọjọ́rùú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa padà lọ kí wọ́n dí i, ó sì ti sún ìrìn àjò rẹ̀ síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.